Pátákó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ Nǹkan Sí

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kà á lọ, ẹ forí jì mí. N kò mọ ìwé kọ bí àwọn tó ń fi ìwé kíkọ ṣiṣẹ́. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà nílé, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ wa. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, inú Bíbélì ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, èmi nìkan, nídìí ààrò, nígbà tí mo bá ń dúró kí omi hó. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi nà án. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Abúlé kan nítòsí Kétu ni wọ́n ti bí mi, ní ilẹ̀ Benin, èyí tí àwọn ará Èkó ń pe gbogbo rẹ̀ ní Kútọnu. Yorùbá ni wá. Nígbà tí mo ń bọ̀ wá sí Ìsọlọ̀, mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mo ń lọ, pé kò sí ohun tí yóò ṣe àjèjì sí mi ju ariwo lọ. Ọjọ́ tí mo dé gan-an ni mo mọ̀ pé ilẹ̀ òkèèrè ni mo wà. Mo bá àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń dáná. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn bí a ṣe ń kí èèyàn nílé. Mo bèèrè ara, mo bèèrè ilé, mo bèèrè ọmọ, mo tún bèèrè àwọn tó rìnrìn àjò. Wọ́n ń wo ara wọn. Nígbà tí mo parí, ọ̀kan nínú wọn da ata sínú epo, ó ní, "Àgànyìn ni o."

Mo ní Yorùbá ni mí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá Àgànyìn. Orúkọ mi nìyẹn láti ọjọ́ náà.

Ilé náà jẹ́ ilé olójú-kojú, yàrá márùn-ún kọjú sí yàrá márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì là wọ́n láàárín. Ilé ìdáná kan ni, balùwẹ̀ kan, ilé ìgbẹ́ kan. Alhaja tí mo wá bá ṣiṣẹ́ ló ni yàrá méjì tó wà níwájú. Ará Ìsẹ́yìn ni, aṣọ ló ń tà ní ọjà Aswani. Iṣẹ́ mi ni kí n ru aṣọ lọ, kí n tú u fún oníbàárà, kí n sì tún un ká nígbà tí oníbàárà bá ní òun kò rà á mọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo máa ń ká a kí ojú aṣọ wà nínú. Alhaja kì í bú mi. Ó kàn máa ń pòṣé, á tú u, á sì tún un ká níṣojú àwọn èèyàn, ìyẹn sì ń dùn mí ju èébú lọ. Àmọ́ nígbà tó di bí oṣù kẹfà, ó ní kí n di ojú mi. Ó ń fi aṣọ sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sọ irú èyí tó jẹ́, títí kan èyí tí wọ́n pò ní àpòpọ̀ tí wọ́n sì ń pè ní òwú gidi. Ó yíjú sí obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì, ó ní, "Ẹ ò rí ọwọ́ ọmọ yìí." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé bí ẹran iléyá.

Ohun kan ni n kò lè borí, ìwé kíkọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, Alhaja ní kí n kọ ohun tí a fẹ́ rà sórí bébà. Àwọn ọmọ ilé já a gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Gbogbo yàrá ló rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní bí mo ṣe kọ iyọ̀ dà bí igbe tí wọ́n fi ń lé ewúrẹ́. Láti ìgbà náà, n kò kọ ohunkóhun sí ibi tí ojú ẹlòmíràn lè dé.

Ìyá mi máa ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ìbéèrè méjì kan náà ló máa ń bèèrè: ṣé wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, ṣé wọ́n sì ń pè mí lórúkọ. Mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì. Òótọ́ ni mo sọ nípa oúnjẹ.

Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ti ṣáájú mi dé Èkó, ó fẹ́ awakọ̀ ẹrù kan, wọ́n sì ń gbé yàrá kan ní Ailegun, lọ́nà Èjìgbò. Èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín láti ọ̀dọ̀ wa bí oòrùn kò bá mú jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì mo máa ń lọ, a ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, a ó sọ èdè ilé títí ẹnu wa yóò fi sinmi. Níbẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ́ ẹni tí ìyá mi bí.

Nígbà náà ni kòrónà dé.

Bàbá kan wà nínú ilé wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Èkìtì. Bàbá Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun sì ni alága àwa ayálégbé. Ìyàwó rẹ̀ ní ikọ́ fée. Bí ó bá dé e, a máa ń gbọ́ bí mímí rẹ̀ ṣe ń súfèé láti yàrá wa. Nítorí náà, ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ẹ̀rù yẹ̀yẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo sì mọ̀ ọ́n títí di òní. Ọjọ́ tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, ó gbé pátákó dúdú àtijọ́ kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà àbájáde, ó fi ṣọ́ọ̀kì là á sí ọ̀nà mẹ́rin. Ó kọ ọ́ sókè pẹ̀lú lẹ́tà tó dára bí ti inú ìwé: Orúkọ. Ibi tí ò ń lọ. Ohun tí o fẹ́ lọ ṣe. Ìgbà tí wàá padà. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ó tún ya àmì róbótó-róbótó sílẹ̀ ilé ìdáná, kí oníkálukú dúró sínú tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọdé ti ń fi wọ́n ta súwèé. Ó nù wọ́n, ó tún wọn yà. Wọ́n tún ta á.

Òfin ń yí padà bí ẹran tí wọ́n ń yí lórí iná. Lọ́jọ́ Ajé, èèyàn mẹ́ta ló lè wà ní ilé ìdáná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó di méjì. Lọ́jọ́rú, ẹnì kan gbọ́ lórí rédíò pé àwọn tó jọ ń gbé ilé kan náà lè jókòó pọ̀, ìgbà náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Èwo ni ilé kan náà? Yàrá mẹ́wàá tó ń lo ilé ìgbẹ́ kan, ṣé ilé kan ni tàbí ilé mẹ́wàá? Bàbá Tíṣà rò ó pẹ́. Ó ní yàrá kọ̀ọ̀kan ni ilé kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó ń gbé yàrá keje gbé ìkòkò rẹ̀ sọ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Tíṣà. Àrùn náà á wá máa kan ilẹ̀kùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan."

Èmi ni òfin wọ̀nyí dà láàmú jù, nítorí gbogbo rẹ̀ ni mo gbà gbọ́. Àgbàlagbà kan wá kí Alhaja. Mo rántí pé a kò gbọdọ̀ sún mọ́ra, mo sì kúnlẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyá náà bojú wò mí, ó bi Alhaja bóyá òun ń rùn ni. Nígbà tó lọ, Alhaja bá mi wí pé mo dójú ti òun. Ní ọjọ́ kejì ẹlòmíràn dé, mo lọ kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, òun náà sì gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó súre fún mi. Alhaja ní ṣé mo fẹ́ pa gbogbo ilé ni. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí mo gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, mo lọ jókòó sí balùwẹ̀.

N kò jáde rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò láìgbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe nítorí pé n kò ní ibi tí mò ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sórí pátákó, pátákó náà sì wà níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Mo máa ń kọjá níwájú rẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń rí i pé kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mo sì ń sọ nínú ara mi pé àwọn èèyàn yìí mà gbọ́ràn o, wọn kò jáde rárá.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ti bímọ, obìnrin ni. Ilé ìwòsàn ti dá a padà sílé ní ọjọ́ kejì. Ọkọ rẹ̀ há sí òkè Ọya, wọ́n ti ti ojú ọ̀nà láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló ti ń bọ̀, àwọn kò mọ ohun tó gbé bọ̀ mọ́ ọmọ. Wọ́n ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń sá. Kò sẹ́ni tó tíì gbé ọmọ náà yàtọ̀ sí òun.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bí àkọ́bí kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń wá. Ìyá á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, á fi kànìnkànìn rírọ̀ fọ̀ ọ́. Á na apá, á na ẹsẹ̀, á jù ú sókè díẹ̀ kí àyà rẹ̀ lè le. Á fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ. Òun ni yóò tọ́jú ìwọ́ títí tí yóò fi já, òun ni yóò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí wọ́n bá bi èèyàn ní ọ̀dọ̀ wa níbo ni ilé rẹ̀, ibi tí ìwọ́ rẹ̀ wà ló ń sọ.

Ìyá wa ti dé ẹnubodè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè mí. Kò bèèrè oúnjẹ, kò bèèrè orúkọ. Ó ní, "Ìwọ ló kù. O ti rí bí mo ṣe ń ṣe é. Lọ wẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo ní màá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo wá fi ń tọrọ àyè.

Mo kọ́kọ́ bi Alhaja. Ó ń ka owó fún obìnrin kan tó wá ra léèsì, nítorí ó ti kó aṣọ wá sílé kí wọ́n tó ti ọjà, àwọn oníbàárà sì ń wọlé wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á, wọ́n ń fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní bí mo bá lọ, kí n má padà wọlé kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, òun kò sì lè ṣèlérí pé òun kò ní tíì mú ẹlòmíràn. Mo wo obìnrin tó ń ra aṣọ. Alhaja rí ibi tí mò ń wò. Ó ní, "Oníbàárà kì í ṣe àlejò."

Mo lọ bi àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò wa. Géètì náà kò jìnnà sí ilé wa; ẹnu ilẹ̀kùn iwájú ni mo dúró sí tí mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mi kò kọjá rẹ̀. Ọ̀kan ní ẹni tó bá wọ ìbomú lè kọjá. Èkejì ní kò sẹ́ni tó lè kọjá. Ẹ̀kẹta tẹ́tí sí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó bi mí ní ìlú mi, mo sì sọ fún un. Ó ní ẹ̀yin àjèjì yìí náà lẹ ń kó àrùn náà kiri. Ó wá rọ̀ díẹ̀, ó ní ẹni tó ń lọ ra oúnjẹ nìkan ni ìjọba gbà láyè. Mo ní ọmọ tuntun ni mo fẹ́ lọ wẹ̀.

"Ọmọ tuntun kì í ṣe oúnjẹ," ló wí.

Mo padà. Inú ń bí mi débi pé mo fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Ìrọ̀lẹ́ ni. Mo kó o lọ sẹ́yìn ilé láti sá a, níbi tí páànù ti pín ọgbà wa níyà pẹ̀lú ti télọ̀ tó wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí páànù kan gbéra. Fìlà kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni orí, lẹ́yìn náà ni Bàbá Tíṣà fúnra rẹ̀, ìbomú rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ó rí mi. Mo kúnlẹ̀. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ó nu eruku orúnkún rẹ̀. Ó ní àdúgbò Bọ́ládé ni òun ti ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló kú, wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń pe orúkọ ìyàwó olóògbé láti ìta kí ó lè mọ̀ pé òun wá. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìyẹn yàtọ̀," ó ní, bí ẹni pé mo ti sọ nǹkan.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú tún ń bí mi sí i. Mo bi í pé:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ tuntun ńkọ́? Ṣé òun náà yàtọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn mi rí. Bóyá kò sì gbọ́ ọ rí lóòótọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sórí pátákó, pé àwọn ìgbìmọ̀ ayálégbé yóò gbé e yẹ̀ wò lọ́jọ́ Àìkú. Ó wọlé. Ọmọ náà yóò ti pé ọjọ́ kẹsàn-án lọ́jọ́ Àìkú.

Mo wo ilẹ̀ tó wà nídìí páànù náà. Ó ti dán. Koríko kò hù níbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnì kan ló lè tẹ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ilé ló ń jáde, lójoojúmọ́, láti ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pátákó fi mọ́. Èmi nìkan ni mo pa òfin náà mọ́, ìtìjú ló sì jẹ́ kí n ṣe é.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀sìn tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo ń rò ó pé bóyá ohun tó ń jẹ́ àjèjì nìyí. Àlejò ló ń bèèrè ọ̀nà ilé ìgbẹ́, onílé kàn ń lọ ni. Láti ọjọ́ tí mo dé ni mo ti ń bèèrè. Mò ń bèèrè ibi tí mo lè kúnlẹ̀ sí, mò ń bèèrè orúkọ tí wọn yóò máa pè mí, mo wá ń bèèrè bóyá mo lè fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tí mò ń bi náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rédíò sùn kò mọ̀ ọ́n. Oníkálukú ti yan ohun tí òun kò lè ṣe aláìṣe, ó sì wá orúkọ fún un. Ti Alhaja ń jẹ́ oníbàárà, ti Bàbá Tíṣà ń jẹ́ ìyàtọ̀. Ọmọ yìí nìkan ni kò lórúkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi pè bí mo ṣe jókòó síbẹ̀. Ó ní aṣọ ni òun fi ń nu ọmọ láti ọjọ́ tó ti bí i. Ó ti gbìyànjú láti wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ fẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rù. Ó ní ìwọ́ rẹ̀ ń tutù nídìí, òun kò sì lè fọwọ́ kàn án. Mo ń gbọ́ igbe ọmọ. Nígbà tó yá, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ mọ́ nínú igbe méjèèjì. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti fún ọ láyè?"

Mo ní kí ó gbé omi kaná láàárọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Alhaja kírun tó sì padà sùn, mo pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo ká gbogbo aṣọ tí àwọn oníbàárà tú sílẹ̀, olówùú sọ́tọ̀, aláfarawé sọ́tọ̀, ojú wọn síta. Mo di ọṣẹ, kànìnkànìn tuntun, ìgò àdí kékeré àti ìró méjì sínú àpò. Mo wọ ìbomú. Mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá títí mo fi dé ibi tí pátákó wà.

Ṣọ́ọ̀kì wà lórí ìgbátí rẹ̀, kò tíì dínkù. Mo mú un, ó sì ń han bí mo ṣe ń kọ. Lábẹ́ Orúkọ, mo kọ èyí tí ìyá mi sọ mí. Lábẹ́ Ibi tí ò ń lọ, mo kọ Ailegun. Lábẹ́ Ohun tí o fẹ́ lọ ṣe, mo kọ: Mo lọ wẹ ọmọ wa. Lẹ́tà mi tóbi, ó wọ́, ó ń gòkè bí ẹni tó ń gun òkè. N kò nù ún.

Ó ku ọ̀nà kan. Mo rò ó díẹ̀. Lábẹ́ Ìgbà tí wàá padà, mo kọ: Nígbà tí ìwọ́ bá já.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì sí àyè rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo sì jáde.